Ìlà Tí Ara Mi Kò Fà

Nínú ilé wa, ìwé mi ni a fi ń parí àríyànjiyàn.

Bí ọkọ mi bá ní ọdún kejì ìgbéyàwó la ra àga, tí èmi ní ọdún kìíní ni, màá ṣí ìwé, màá fi ojú ewé náà hàn án, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ọjọ́ tí a kó wọ ilé, ọjọ́ tí òrùlé kọ́kọ́ jò, ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi yọ eyín, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mi ò kàwé lọ títí, àmọ́ ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló sọ mí di bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí mo bá ti so nọ́ńbà mọ́ kì í sọnù. Fún ọdún mẹ́sàn-án, ìbọ̀sẹ̀ kan kò sọnù lọ́wọ́ mi rí.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Kì í ṣe aláìbìkítà ló ṣe é. Ọwọ́ tí gbogbo ilé gbà gbọ́ ló ṣe é.

Ọkọ mi ló sọ mí ní Akọ̀wé. Èmi náà sọ ọ́ ní Oníná, torí iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe, ìdí ààrò gan-an ló sì máa ń dúró sí. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà níbẹ̀. Tó bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, òórùn búrẹ́dì ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kó tó wọlé. Gbogbo irun apá rẹ̀ ni iná ti jẹ tán. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ni ọkùnrin tí ọ̀gá rẹ̀ ń bá fárun lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọdún mẹ́rin kọjá lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, oyún ò dúró, oyún ò tilẹ̀ dé. La bá lọ rí dókítà.

Ìyá àgbàlagbà kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fún mi ní tẹmómítà kékeré kan tó ń lo bátìrì, àti ìwé onílà wínníwínní. Ó ní láràárọ̀, kí ẹsẹ̀ mi tó kan ilẹ̀, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, kí n fi tẹmómítà sábẹ́ ahọ́n, kí n kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde, kí n sì fi àmì kan sójú ìlà. Ó ní bí ẹyin bá jáde lára obìnrin láàárín oṣù, ara rẹ̀ á gbóná díẹ̀ sí i. Àwọn àmì náà á gòkè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, wọn á sì dúró sókè títí nǹkan oṣù á fi dé.

Bí a ṣe ń jáde, Oníná ń rẹ́rìn-ín. "Dókítà yìí ò mọ ẹni tó gbéṣẹ́ fún," ló wí. "Bó bá fẹ́, o lè máa bá a kọ ti gbogbo àdúgbò."

Oṣù kìíní, àwọn àmì mi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Mo ní bóyá mi ò ì tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Oṣù kejì, pẹrẹsẹ. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa wo ìwé yẹn bí ẹni ń wo ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, a lọ kí ìyá ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wà níbẹ̀. Wọ́n ń jiyàn lórí ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo sì sọ ọjọ́ náà fún wọn láìṣí ìwé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pàtẹ́wọ́, ó ní, "Akọ̀wé, gbogbo nǹkan lo mọ̀ ọ́n kọ. Ìgbà wo lo máa wá kọ ọjọ́ ìbí ọmọ fún wa?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, pé ó rí i pé ó yẹ kí wọ́n gbèjà mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún nínú oṣù mi. Mo fi tẹmómítà sẹ́nu. Ó dún. Mo wò ó: 36.3. Ohun kan náà tí mo ti ń rí láti oṣù méjì.

Ọwọ́ mi kọ 36.6.

Mi ò ní tàn yín, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n lójú mi nígbà yẹn, kò tíì jọ irọ́. Mo ní mo kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni, bí a ṣe máa ń fa aṣọ tó bá súnkì kó lè padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Mo ní tí ara mi bá rí i lórí ìwé, bóyá á tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kejì, mo kọ 36.7. Ọ̀la rẹ̀, 36.7 bákan náà. Àmì mi ń gun àtẹ̀gùn.

Ẹni tó bá mọ ìwé í kọ mọ bí a ṣe ń fi ìwé parọ́. Mi ò jẹ́ kí ìlà náà dọ́gba jù. Mo jẹ́ kó rẹlẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó tún gòkè lọ́jọ́ kejì. Mo yí bírò padà láàárín oṣù kó má bàa jọ pé ọjọ́ kan náà ni mo jókòó kọ gbogbo rẹ̀. Mo tilẹ̀ fi ibà sí ọjọ́ kan, mo kọ 37.9, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ara mi ò yá.

Nígbà tó yá, mi ò fi tẹmómítà sẹ́nu mọ́. Mi ò fẹ́ rí nọ́ńbà rẹ̀. Mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé nìkan ni mò ń fà jáde láràárọ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, a padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó gbé ìwé mi sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó títí. Ó pe nọ́ọ̀sì kó wá wo bí ó ṣe mọ́ tónítóní. Ó ní kò sí ohun tó ṣe mí, pé ara mi pé pérépéré.

Inú mi dùn, ẹ̀yin òǹkàwé. Mi ò ní purọ́ fún yín. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n dá láre.

Ó wá kọjú sí ọkọ mi. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún òun fi hàn pé àtọ̀ rẹ̀ dín díẹ̀ sí iye tó yẹ. "Ká ní ìyàwó yín ló ní àléébù," ni dókítà wí, "ǹ bá má ka èyí sí rárá. Ṣùgbọ́n tiyín nìkan ló kù tí a lè tún ṣe. Ooru ààrò kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọkùnrin. Ẹ jìnnà sí i fún ọdún kan ká wò ó."

Mo la ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ ti dé etí ahọ́n. Ọkọ mi sì fi ọwọ́ kan orúnkún mi, bí ẹni tó fẹ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀, ó ní, "Ọdún kan kọ́ ni ìṣòro, Dókítà." Mo pa ẹnu mi dé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀. Ó fa ààrò lé ọ̀dọ́kùnrin tó kọ́ níṣẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó rí ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń kó pákó pa mọ́. Kó máa ṣí géètì, kó máa tì í. Wọ́n fún un ní aṣọ aláwọ̀ eérú tó fẹ̀ jù ú lọ. Èmi ni mo gbà á, èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ dín in.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wọlé, kò sí òórùn kankan tó ṣáájú rẹ̀. Mo ní, "Oníná, ẹ kú iṣẹ́." Ó ní kí n wá nǹkan mìíràn tí màá máa pe òun. "Iná wo ló kù lọ́wọ́ mi?"

Láti ọjọ́ yẹn ni ìnira ti bẹ̀rẹ̀, ìnira tí èmi nìkan mọ orísun rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ńṣe ló wá ń fi àánú wò mí, bí ẹni tí wọ́n ta ọjà tó bàjẹ́ fún. Ó ní àwọn ò mọ̀ ni, pé kí n ṣe sùúrù pẹ̀lú àbúrò òun.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó pè mí wọ ilé ìdáná. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ìyàwó mi, má bínú sí mi," ló wí. "Omi tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ti gbóná jù. Wọ́n sọ fún mi nígbà náà, mo ṣe orí kunkun. Mo rò pé ó ń mú ara le ni. Nígbà tí mo gbọ́ pé ooru ni dókítà sọ, mo mọ̀ pé èmi ni."

Àgbà obìnrin ń bẹ̀ mí. Mo ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, Màmá." Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Nígbà tó lọ, mo ṣí ìwé ilé, mo kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé: Màmá wá kí wa.

Ọkọ mi náà máa ń ka ìwé àmì yẹn. Ní ọjọ́ ìsinmi kan ó rí ibi tí mo kọ ibà sí. Ó wá bá mi nídìí aṣọ tí mò ń ká. Ojú tì í. Ó ní òun ò mọ̀ rárá pé ara mi ò yá lọ́jọ́ yẹn, pé iṣẹ́ ààrò ló gba gbogbo ọkàn òun nígbà náà, kí n forí jì òun.

Mo forí jì í. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Èmi ni mo forí jì í.

Ohun kan tún wà tí mi ò kà sí nígbà náà. Ọwọ́ ọkọ mi ò lè gbàgbé iṣẹ́. Ó mú òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun wá sílé láti ibi iṣẹ́ àtijọ́. Tó bá ráyè, á gbé e sórí tábìlì, á máa wọn nǹkan: iyọ̀, òkúta, kọ́kọ́rọ́ ilé. Á kọ́kọ́ dì í mú lọ́wọ́, á sọ bó ṣe wúwo tó, á wá gbé e sórí òṣùwọ̀n kó mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ṣì gbọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó sọ náà ni òṣùwọ̀n máa ń sọ. Mi ò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọdún kan pé. Wọ́n tún àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe, ó ti dára, kò sí wàhálà kankan mọ́. Síbẹ̀ oṣù ń wọlé, oṣù ń jáde. Dókítà ní kí èmi náà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kó kàn lè fi ti ìwé mi lẹ́yìn.

Mo sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ níléeṣẹ́. Nígbà kẹta, ọkọ mi gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ láti sìn mí lọ. Mi ò rí ibi sá sí.

Ọjọ́bọ̀ ni a lọ gba èsì. Àga méjì ló wà níwájú tábìlì dókítà, gíláàsì sì wà lórí tábìlì náà, wọ́n fi àwòrán àwọn ọmọ tuntun sábẹ́ rẹ̀. Ojú àwọn ọmọ yẹn ni mò ń wò.

Dókítà gbé èsì ẹ̀jẹ̀ lé apá ọ̀tún, ó gbé ìwé àmì mi lé apá òsì. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi fi hàn pé ẹyin ò jáde lóṣù náà rárá, bẹ́ẹ̀ ìwé mi sọ pé ó jáde lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. "Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí ń purọ́," ló wí.

Ọkọ mi nara ró lórí àga. "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ tún ẹ̀jẹ̀ yẹn yẹ̀ wò," ló wí. "Ó lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Ìwé ìyàwó mi kì í ṣàṣìṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílé wa."

Ilẹ̀ ò lanu gbé mi.

Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tẹmómítà ló bàjẹ́, kí a mú un wá. Ó béèrè ìgbà tí a pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ kẹ́yìn. Ọkọ mi ṣí ẹnu láti dáhùn. Ẹnu náà kò pa dé.

Mo rí i bó ṣe ń rántí. Mo rí i lójú rẹ̀, bí ẹni tó ń tú ẹrù tó wúwo sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bátìrì rẹ̀ wà nínú òṣùwọ̀n mi," ló wí. Kò wo ojú dókítà, kò wo ojú mi. "Ó ti lé lóṣù mẹ́ta. Ti òṣùwọ̀n ló kú, mo sì yá ti tẹmómítà nínú dúrọ́ọ̀. Mo ní tí o bá jí láàárọ̀, wàá bá mi jà, màá sì lọ ra òmíràn. O ò bá mi jà. Mo wá gbàgbé."

Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó fi ìka tọ àwọn àmì oṣù mẹ́ta yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. Ìka rẹ̀ dúró.

"Kí lò ń fi wọn ara rẹ?"

Dókítà yí ojú sí fèrèsé. Mo ní, "Mi ò wọ̀n ọ́n."

Nígbà tí a délé, ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú tẹmómítà jáde, ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ihò ṣófo náà hàn mí. Ó béèrè láti ìgbà wo. Èmi tí mo ní ọjọ́ gbogbo nǹkan nínú ìwé, ọjọ́ yẹn nìkan ni mi ò kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un: ọjọ́ kejì tí a lọ kí Màmá. Kó tó fi ààrò sílẹ̀.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kọ́ sára ilẹ̀kùn.

"Ṣé o máa ń rí mi tí mo bá ń wọ aṣọ yẹn?"

"Mo máa ń rí yín."

"Láràárọ̀?"

"Láràárọ̀."

Ó mi orí títí. Ó wá sọ ohun tí mi ò lè gbàgbé láéláé. "Nígbà tí wọ́n ní tèmi ni, mo gbé e. Ǹjẹ́ o gbọ́ kí n ráhùn? Kí lo rò pé màá ṣe, ká ní wọ́n ní tìẹ ni?"

Mi ò tíì ro ìyẹn rí. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń fa ìlà, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mò ń wò, ojú dókítà ni mò ń wò. Mi ò wo ojú ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kò lé mi. Kò pariwo. Ó kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi wà níbẹ̀. A máa ń kíra, ìkíni yẹn tutù bí omi òwúrọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ mi: "Ẹnu tìẹ ni Màmá máa ti gbọ́. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́."

Mo lọ. Mo bá Màmá tó ń rán etí aṣọ kan lójú fèrèsé. Mo kúnlẹ̀, mo sì rò ó fún un láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún títí dé orí bátìrì. Mi ò fo nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sínú aṣọ.

Mo ń retí èébú. Kò bú mi. Ó ní, "Kì í ṣe omi mi?"

"Kì í ṣe omi yín, Màmá."

"Kì í ṣe omi mi," ló tún wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láìpariwo, ojú rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ. Ó ní ó ti lé ní ọdún kan tí òun ò ti lè wo ojú ọmọ òun dáadáa. Ó ní kí n dìde, kí n máa lọ, pé tí òun bá lè rí mi, òun á ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi retí ìpè yẹn. Ìyàwó ni ó ṣì pè mí nígbà tí mo dé, ṣùgbọ́n kò di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò tíì dáhùn ìkíni mi di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú ìdúró tí a wà yìí, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin aya, mi ò ní ọgbọ́n ńlá fún yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àbùkù tí mò ń sá fún, ẹnì kan ló bá mi rù ú. Ẹni tó fẹ́ràn mi jù ló rù ú, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ bí aṣọ. Dókítà ní ohun tó ń ṣe mí ní oògùn, pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ní in, pé ká ní òun mọ̀ lọ́dún yẹn lọ́hùn-ún, à bá ti lọ jìnnà. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi ìlà gígùn tí mo fà gé kúrò nínú ọjọ́ orí àwa méjèèjì.

Ọkọ mi ti padà sílé búrẹ́dì. Ọ̀dọ́kùnrin tó kọ́ níṣẹ́ ló wà nídìí ààrò báyìí, wọn ò lè ní kó kúrò. Ìdí tábìlì ni òun wà, ibi tí wọ́n ti ń gé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò sí wẹ́wẹ́. Òórùn náà ti ń bá a wọlé, àmọ́ kò tíì le bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò tíì lè pè é ní Oníná. Mò ń dúró de ọjọ́ tí á padà sídìí iná rẹ̀.

Ó ti kó ìrọ̀rí rẹ̀ padà wá sí yàrá. A ti gba ìwé onílà tuntun, a ti ra bátìrì tuntun. Mo ti ń lo oògùn mi, oṣù kejì rèé. Láàárọ̀, òun ló ń mú tẹmómítà jáde lẹ́nu mi, òun ló ń ka nọ́ńbà, èmi ni mò ń kọ. Òun ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a jiyàn.

Àárọ̀ yìí ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó gbé tẹmómítà síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "36.3."

Ọwọ́ mi dúró lórí ìwé. Ó rí i.

"Akọ̀wé," ló wí. Kò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ilé dókítà dé. "Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo kọ 36.3. Mo fi àmì náà sójú ìlà, níbi tó tẹ́ pẹrẹsẹ sí.